Ìwúkàrà Olóògbé: Búrẹ́dì Yíyan gẹ́gẹ́ bí Iṣẹ́ Ìrántí Ọ̀gá

Nínú gbogbo ohun tí ọmọ ènìyàn fi ń ṣèrántí ẹni tí ó kọ́ ọ níṣẹ́ tí olúwarẹ̀ sì ti dolóògbé, búrẹ́dì ni ó jọ pé kò tọ́ sí iṣẹ́ náà rárá, nítorí pé ère a máa wà lójú kan fún ọgọ́rùn-ún ọdún, ìwé a máa wà nínú àpótí, ṣùgbọ́n búrẹ́dì tí a yọ nínú ààrò láàárọ̀ lè má di alẹ́ kí ó tó tán. Síbẹ̀, àìpẹ́ yìí gan-an ni ó yẹ kí lámèyítọ́ kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò. Ohun tí a ti jẹ tán, dandan ni kí a tún un ṣe bí a bá fẹ́ kí ó wà, ẹni tí ó bá sì ń tún un ṣe kò lè ṣe kí ó má tún ìṣe ọ̀gá rẹ̀ ṣe: bí ọ̀gá ṣe ń po ìyẹ̀fun, bí ó ṣe ń ní sùúrù fún un, bí ó ṣe ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ kí ó lè mọ̀ bóyá ó ti wú tó. Ìbéèrè tí àròkọ yìí ń tọ pinpin ni pé, nígbà tí ọ̀gá bá ti lọ, kí ni ó kù lára rẹ̀ nínú irú búrẹ́dì bẹ́ẹ̀? Ṣé ohun tí ó fi sílẹ̀ ni, àbí ọ̀nà tí ó ń gbà ṣiṣẹ́, àbí orúkọ rẹ̀?

Ohun tí ọ̀gá lè fi sílẹ̀ tí ó sì lè wà láàyè lẹ́yìn rẹ̀ ni ìwúkàrà, ọ̀rọ̀ tí kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó ń ka Bíbélì Yorùbá. Ìwúkàrà tí à ń wí yìí kì í ṣe yíìsì inú páálí tí iléeṣẹ́ ń ṣe. Ìyẹ̀fun àlìkámà àti omi lásán ni, tí a pò pọ̀ tí a sì fi sílẹ̀ títí ó fi kan, tí àwọn yíìsì tí ń dá wà fúnra wọn àti àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń sọ nǹkan di kíkan sì fi inú rẹ̀ ṣe ilé. Yíìsì wọ̀nyí ni ń tú afẹ́fẹ́ tí ń gbé búrẹ́dì sókè jáde, àwọn kòkòrò yẹn ni ń fún un ní adùn kíkan díẹ̀, irú èyí tí ẹni tí ó ń rẹ àgbàdo fún ògì kò ní béèrè ohun tí ó fà á. Bí a bá ń bu díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí a tó yan ìyókù, tí a sì ń bu ìyẹ̀fun àti omi tuntun sí i, kò ní kú, nítorí náà ọmọ iṣẹ́ lè gbà á lọ́wọ́ ọ̀gá, kí ó sì fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀gá kò sí mọ́.

Àpẹẹrẹ tí ó hàn jù lọ nípa èyí ni ti Carl Griffith, ará Amẹ́ríkà kan tí ó ti jẹ́ kọ́nẹ́ẹ̀lì nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú kí ó tó fẹ̀yìn tì, tí ó sì kú ní ọdún 2000. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nínú ìdílé rẹ̀ ni pé ní ọdún 1847 ni àwọn aṣíwájú wọn gbé ìwúkàrà kan dání láti ìpínlẹ̀ Missouri, tí wọ́n sì gbé e dé Oregon ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, ní ojú ọ̀nà jíjìn tí àwọn aṣíkiri ìgbà náà ń tọ̀ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ẹran ń fà. Carl fúnra rẹ̀ kọ́ bí a ti ń lò ó nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 10, ní àgọ́ àwọn olùṣọ́ àgùntàn ní àwọn òkè Steens ní gúúsù ìlà oòrùn Oregon, níbi tí wọ́n ti ń fi ìkòkò irin wúwo olómorí yan búrẹ́dì nínú ihò tí wọ́n gbẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí ó dàgbà, ó sọ ọ́ di ìṣe láti máa fi ìwúkàrà yìí ta ẹnikẹ́ni tí ó bá béèrè lọ́rẹ, tí yóò sì tún máa ṣàlàyé fún olúwarẹ̀ bí yóò ṣe lò ó. Báyìí ni ọ̀pọ̀ tí kò fojú kàn án rí ṣe sọ ọ́ di ọ̀gá wọn.

Nígbà tí ó kú, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó ara wọn jọ, wọ́n sì ń bá ìpín náà lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ yóò fi àpò lẹ́tà tí ó ti kọ àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí, tí ó sì ti lẹ sítáǹbù mọ́, ránṣẹ́ sí wọn, wọn yóò sì fi ìwọ̀nba ìwúkàrà gbígbẹ sínú rẹ̀ padà fún un, láìgba owó. Ohun tí ń dé ọwọ́ ènìyàn kò wuni wò: hóró funfun rúsúrúsú díẹ̀ tí kò ju ohun tí ṣíbí kékeré lè gbé, tí ó jọ gààrí tí kò kúná. A ó rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀, a ó bu ìyẹ̀fun sí i, a ó sì gbé e síbi tí kò tutù. Ní wákàtí bíi mélòó kan, kò sí ohun kan tí yóò ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hó wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, òórùn rẹ̀ yóò yí kúrò ní ti ìyẹ̀fun tútù sí ti ohun tí ó ti ń kan, a ó sì tún bu ìyẹ̀fun àti omi sí i títí tí yóò fi lè wú kún inú ife láàárín ìwọ̀nba wákàtí. Ìgbà yẹn ni ó tó lò.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lè béèrè bóyá àwọn kòkòrò ọdún 1847 ni ó ṣì wà nínú ìwúkàrà yìí, ìbéèrè náà sì bọ́gbọ́n mu, nítorí pé gbogbo ìyẹ̀fun tuntun tí a bá bù sí i ni ó ń gbé kòkòrò tirẹ̀ wọlé, bí ilé ìdáná ṣe gbóná tàbí tutù sí àti bí a ṣe ń bọ́ ọ léraléra tó ni yóò sì sọ irú èyí tí yóò borí. Ìwúkàrà tí ó ti pẹ́ ní ilé kan ní Lọ́ńdọ̀nù lè máà fi bẹ́ẹ̀ jọ èyí tí ó kúrò lọ́wọ́ Carl mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá torí èyí sọ pé ìrántí náà ti di òfo kò mọ ibi tí ẹrù wà. Ohun tí ó kúrò lọ́wọ́ Carl tí kò yí padà ni fífi fúnni: ó fúnni láìgbowó, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà ń fúnni láìgbowó. Ẹni tí ó gba ìwúkàrà náà tí ó dá a pamọ́ sínú fíríìjì rẹ̀, tí kò bù fún ẹnikẹ́ni, ti ní ìwúkàrà, ṣùgbọ́n kò tíì ṣe ìrántí.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀gá ni ó ní ohun tí a lè bù sínú àpò lẹ́tà. Raymond Calvel, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Faransé tí a bí ní ọdún 1913 tí ó sì kú ní ọdún 2005, fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní iṣẹ́ búrẹ́dì ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àlìkámà lílọ̀ ní Paris. Ó lọ sí Japan ní ọdún 1954, àwọn aṣebúrẹ́dì ibẹ̀ sì gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ tọwọ́tẹsẹ̀. Ohun tí ó bà á nínú jẹ́ ni bí àwọn aṣebúrẹ́dì ilẹ̀ rẹ̀ ṣe ń fi ẹ̀rọ po ìyẹ̀fun ní àpòjù lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nítorí pé àpòjù a máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi ṣí, búrẹ́dì á funfun báláú, á wú gàgà, kò sì ní ládùn. Ọ̀nà tí ó là sílẹ̀ ni èyí tí àwọn aṣebúrẹ́dì káàkiri ayé ń pè ní autolyse: kí a po ìyẹ̀fun àti omi nìkan, kí a fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí 20 sí 30 ìṣẹ́jú, kí a tó fi iyọ̀ àti ìwúkàrà sí i. Láàárín ìsinmi yẹn, èròjà tí ń mú ìyẹ̀fun àlìkámà fà yóò so mọ́ra fúnra rẹ̀, iṣẹ́ tí ọwọ́ tàbí ẹ̀rọ yóò ṣe yóò dín kù, àwọ̀ àti adùn kò sì ní ṣí. Ìsinmi tí a kò fọwọ́ kan nǹkan kan ni Calvel fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ohun tí ọwọ́ lè dì mú.

Wàyí o, ọ̀nà iṣẹ́ ní àléébù kan tí ìwúkàrà kò ní: ó lè gbilẹ̀ títí orúkọ ẹni tí ó dá a sílẹ̀ yóò fi sọ nù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ń ṣe autolyse lónìí tí wọn kò gbọ́ orúkọ Calvel rí. Ti ilẹ̀ wa burú ju èyí lọ. Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tí ó wá sí Nàìjíríà ní ọdún 1913 láti ṣiṣẹ́ rélùwéè, dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta ní ọdún 1921, òun ni wọ́n sì kà sí ẹni tí ó mú ẹ̀rọ onírin gbọọrọ méjì wọlé, èyí tí a máa ń ki ìyẹ̀fun tí a ti pò bọ àárín rẹ̀ léraléra títí yóò fi dán tí yóò sì ki. Ẹ̀rọ yìí ni ó fún búrẹ́dì Agége ní ara kíki rẹ̀, tí ó fi lè gba ọbẹ̀ ẹ̀wà àgànyìn mọ́ra láìfọ́. Ó kú ní ọdún 1954, lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn ti ń pè é ní ọba búrẹ́dì Nàìjíríà. Àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ènìyàn ń jẹ ohun tí ó ti ọwọ́ rẹ̀ wá, ẹni tí ó ń dárúkọ rẹ̀ kò sì wọ́pọ̀. A kò lè pe èyí ní ìrántí. Ìlò lásán ni, bí ó ti wù kí ìlò náà pọ̀ tó, nítorí ìrántí kò pé bí kò bá sí ẹni tí a ń rántí.

Àwọn kan yóò ní ojútùú ọ̀rọ̀ ni kí a kọ orúkọ sára búrẹ́dì gan-an, bí ilé búrẹ́dì Poilâne ní Paris ti ń ṣe. Pierre Poilâne ni ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1932, ọmọ rẹ̀ Lionel sì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ láti kékeré. Nígbà tí Lionel àti ìyàwó rẹ̀ kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfurufú hẹlikópítà ní oṣù kẹwàá ọdún 2002, Apollonia ọmọ wọn, tí kò ju ọmọ ọdún 18 lọ, ni ó bọ́ sí ipò náà, tí ó sì ń darí rẹ̀ láti òkèèrè nígbà tí ó wà ní yunifásítì Harvard. Búrẹ́dì róbótó tí ó tóbi bí àtẹ kékeré ni wọ́n fi mọ̀ wọ́n, tí wọ́n máa ń fi abẹ fa lẹ́tà P sí lórí kí ó tó wọ ààrò, díẹ̀ lára ìpò àná ni wọ́n sì fi ń bẹ̀rẹ̀ ti òní. P yìí ń pe bàbá àgbà, ó ń pe bàbá, ó ń pe ọmọ, ó sì tún ń pe oníbàárà. Kò sí àbùkù nínú kí iṣẹ́ mówó wọlé, ọmọbìnrin tí ó di ilé iṣẹ́ àwọn òbí rẹ̀ mú nígbà ọ̀fọ̀ sì yẹ ní yíyìn, ṣùgbọ́n àmì tí ó ń tajà kò lè jẹ́ ẹ̀rí ìrántí nìkan. Ní ojú lámèyítọ́, ti Carl Griffith ló gba iwájú, nítorí pé orúkọ rẹ̀ ń bá ohun tí ó fi sílẹ̀ rìn láìsí ẹni tí ń jèrè lórí rẹ̀.

Iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ tiwa kò jìnnà sí irú èyí bí àwọn aṣebúrẹ́dì bá fẹ́. Ọmọ iṣẹ́ tí ó bá parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ a máa ṣe fírídọ̀ọ̀mù, ìyẹn ayẹyẹ ìgbòmìnira, ọ̀gá a ṣàdúrà fún un, a sì fún un ní ìwé ẹ̀rí tí orúkọ ọ̀gá wà lórí rẹ̀. Ó yẹ kí àwọn ẹgbẹ́ aṣebúrẹ́dì ní Èkó, Ìbàdàn àti àwọn ìlú yòókù fi ìlà kan kún ìwé náà, níbi tí a ó ti kọ orúkọ ẹni tí ó kọ́ ọ̀gá fúnra rẹ̀ níṣẹ́ àti ti ẹni tí ó kọ́ ẹni yẹn, bí a bá ṣe lè tọpa rẹ̀ padà tó. Kí wọ́n sì tètè ṣe é, nígbà tí àwọn àgbà tí ó mọ àwọn orúkọ náà ṣì wà láàyè láti pè wọ́n.