Ògúndé ní Jos àti Kano: Àgbéyẹ̀wò Eré Àwọn Òṣèré-Òǹkọ̀wé ní Ìgbà Ìjọba Òyìnbó

Ẹ̀sùn kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn lámèyítọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan eré Hubert Ògúndé àti àwọn ẹgbẹ́ òṣèré tí wọ́n tẹ̀lé e. Wọ́n ní ìtàn inú àwọn eré náà fẹ́lẹ́. Wọ́n ní ẹni rere inú wọn kò ní àléébù kankan, ẹni búburú kò sì ní oore kankan. Wọ́n tún ní orin àti ijó pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ, àti pé ẹkún àti ẹ̀rín ni òṣèré fi ń bo àìjinlẹ̀ èrò mọ́lẹ̀. Ẹ̀sùn yìí kì í ṣe irọ́ pátápátá. Àléébù rẹ̀ ni pé orí ìwé ni ó jókòó sí láti dá ẹjọ́ ohun tí a kò ṣe fún ìwé. Ibi tí ó yẹ kí irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni ibi tí ìjọba òyìnbó gan-an ti dá tirẹ̀, èyíinì ni Jos ní 1946 àti Kano ní 1950. Òkè Ọya ni ìlú méjèèjì wà. Akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá tí ó wà ní Maiduguri kò gbọdọ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí sí ìtàn Èkó àti Ìbàdàn nìkan.

Mẹlodíráámà ni àwọn òyìnbó ń pe irú eré bẹ́ẹ̀. Nínú rẹ̀, rere àti búburú a máa yàtọ̀ síra bí ọ̀sán àti òru. Orin ni ó ń ṣáájú ìbànújẹ́, òun náà ni ó sì ń lé e lọ. Òǹwòran kì í wá inú ọkàn ẹ̀dá ìtàn kiri kí ó tó mọ ẹni tí yóò bá dúró, nítorí pé láti ìgbà tí òṣèré bá ti jáde ni ìrìn rẹ̀, aṣọ rẹ̀ àti ohùn rẹ̀ ti sọ ohun tí ó jẹ́.

Àwọn Yorùbá kì í tètè yin irú ọ̀rọ̀ tí ó hàn gbangba bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í sì í mọ̀ ọ́n. Ìlànà yìí ni ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ gbé lé ọwọ́ nígbà tí wọ́n ń wọn Ògúndé wò, bí ẹni pé àṣírí ni gbogbo ìlù gbọ́dọ̀ máa sọ. Ìlù tí Ògúndé lù kì í ṣe àgídìgbo. Ìlù tí gbogbo ọjà yóò gbọ́ ni.

Ọ̀ṣọ̀sà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti bí i ní 1916. Ó ṣe iṣẹ́ olùkọ́, ó sì di ọlọ́pàá. Ní 1944 ni ó gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde fún Ìjọ Olúwa ní Èkó, eré inú Bíbélì lórí ọgbà Édẹ́nì àti ìtẹ́ Ọlọ́run. Ìjọ ni ó fún un ní orin, ìtàn Bíbélì ni ó sì fún un ní ọ̀nà tí ó fi ya Ọlọ́run àti Sátánì sọ́tọ̀ kedere. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ó dá ẹgbẹ́ òṣèré tirẹ̀ sílẹ̀. Láìpẹ́ jọjọ, ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀. Ọlọ́pàá àtijọ́ yìí ni àwọn ọlọ́pàá wá ń mú kiri lẹ́yìn náà.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Nàìjíríà yanṣẹ́ lódì. Ọ̀wọ́n gógó ọjà ìgbà ogun ti mú owó oṣù wọn di nǹkan yẹpẹrẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ reluwé wà ní iwájú, Michael Imoudu sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn. Ọjọ́ mẹ́rìnlélógójì ni ìyanṣẹ́lódì náà gbà ní Èkó. Ọdún náà kò tíì tán tí Ògúndé fi gbé Strike and Hunger jáde. Ọba òǹrorò kan àti àwọn ènìyàn tí ebi ń pa lábẹ́ rẹ̀ ni ìtàn náà dá lé. Kò sí òǹwòran kan tí ó nílò alálàyé láti mọ ẹni tí ọba náà jẹ́.

Nígbà tí eré yìí dé Jos ní 1946, ìjọba fi òfin dè é, wọ́n mú Ògúndé, wọ́n sì bu owó ìtanràn lé e. Ìbéèrè tí ó yẹ kí lámèyítọ́ bi ara rẹ̀ ni èyí: kí ni ó wà nínú eré tí wọ́n pè ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó fi dẹ́rù ba ìjọba tí ó ti ṣẹ́gun Hitler? Jos jẹ́ ìlú awakùsà. Yorùbá, Ìgbò, Hausa, Bìrọ́mù àti ẹ̀yà mìíràn ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ní àyíká àwọn kòtò tánganran níbẹ̀, reluwé sì so wọ́n mọ́ ìyókù orílẹ̀-èdè. Orin Yorùbá ni wọ́n fi kọ eré náà, ṣùgbọ́n ènìyàn kò nílò Yorùbá púpọ̀ kí ó tó mọ ẹni tí ebi ń pa yàtọ̀ sí ẹni tí ó yó. Ìhà tí àwọn lámèyítọ́ pè ní àìjinlẹ̀ gan-an ni ó mú eré náà kọjá ààlà èdè. Bí Ògúndé bá ti fún ọba náà ní ọkàn méjì, tí ó jẹ́ kí ó máa ṣe àròjinlẹ̀ ní òru, bóyá àwọn ọ̀mọ̀wé ì bá ti yìn ín. Awakùsà tí kò gbọ́ Yorùbá ì bá sì ti dìde lọ sílé.

Ẹ wo orúkọ àwọn eré náà pàápàá. Strike and Hunger, Worse than Crime, Tiger's Empire, Bread and Bullet: orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ Yorùbá ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Àwọn kan ti fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìfẹ́ òyìnbó ni. Ìwé ìpolówó ara ògiri ni ó yẹ kí wọ́n rò mọ́ ọn. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì lára ògiri ní Òkè Ọya ń bá akọ̀wé reluwé sọ̀rọ̀, ìbáà ṣe ọmọ Calabar tàbí ọmọ Zaria. Ó dunni pé ọ̀gá ọlọ́pàá náà lè kà á. Bread and Bullet ni Ògúndé ṣe lẹ́yìn tí àwọn ọlọ́pàá yìnbọn pa awakùsà mọ́kànlélógún ní Iva Valley ní Enugu, ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1949. Ní Kano ní 1950, ìjọba fi òfin de eré náà, wọ́n sì tún mú un. Ẹ̀sùn tí ó rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn níkẹyìn ni pé ó lẹ ìwé ìpolówó láìgba àṣẹ! Ìjọba mọ ibi tí agbára eré náà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun kejì tí orí ìwé kì í fi hàn ni pé òṣèré àti òǹkọ̀wé jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ògúndé kì í kọ eré fún ẹni tí kò mọ̀. Ó mọ ohùn ẹni tí yóò kọ orin, ó sì mọ ẹsẹ̀ ẹni tí yóò jó o. Ní 1946, fún Tiger's Empire, ó polówó pé òun ń wá àwọn obìnrin tí yóò máa gba owó iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí òṣèré, nígbà tí ọ̀pọ̀ òbí ka irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí ìṣekúṣe. Lẹ́yìn náà ni ó fẹ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣèré obìnrin náà níyàwó. Ohun yòówù kí ènìyàn rò nípa ìyẹn (èrò sì lè pọ̀), ó sọ agbo òṣèré di agbo ilé. Eré tí a kọ fún agbo ilé kò nílò kí a kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá wá ka ìyókù tí ó wà lórí ìwé, egungun ni ó ń kà.

Ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀ díẹ̀ ní ti Dúró Ládiípọ̀. Òun náà ni ó kọ Ọba Kò So, òun náà ni ó ṣe Ṣàngó nínú rẹ̀, Abíọ́dún aya rẹ̀ sì ṣe Ọya. Ṣùgbọ́n Ṣàngó rẹ̀ ní ẹ̀bi, ó sì ní ọlá, oríkì tí ó kún inú eré náà sì ń sọ̀rọ̀ lórí ìwé bí ó ti ń sọ ọ́ lórí ìtàgé. Ìdí nìyí tí Ọba Kò So fi rọrùn láti kọ́ ní kíláàsì. Kò wá túmọ̀ sí pé Ládiípọ̀ ju Ògúndé lọ nínú ohun tí Ògúndé fẹ́ ṣe. Ọba Kò So dé Berlin ní 1964, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. Kò sí ìjọba tí ó ní ìdí láti bẹ̀rù rẹ̀.

Irú òṣèré-òǹkọ̀wé báyìí kò mọ sí ilẹ̀ Yorùbá nìkan. Ní ilẹ̀ Australia, nígbà tí ó ṣì wà lábẹ́ Ọbabìnrin Victoria, George Darrell àti Alfred Dampier ń kọ mẹlodíráámà, àwọn fúnra wọn ń ṣe é, wọ́n sì ń darí ẹgbẹ́ òṣèré tiwọn láti ìlú dé ìlú. Ní 1890, Dampier gbé Robbery Under Arms jáde ní Melbourne láti inú ìwé ìtàn Rolf Boldrewood. Àwọn ìgárá ọlọ́ṣà inú igbó ni akọni ibẹ̀. Èrò wọ́ lọ wò ó. Àwọn lámèyítọ́ ibẹ̀ náà sì fi ọ̀pọ̀ ọdún fojú tín-ín-rín irú eré bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ ńlá kan wà ṣá o. Ọmọ àwọn tí ó wá gba ilẹ̀ ni ó ń wo eré Dampier. Nínú ìtàn náà, Warrigal tí ẹ̀jẹ̀ onílẹ̀ wà lára rẹ̀ kò ju ìránṣẹ́ olórí ìgárá lọ. Ní Jos, onílẹ̀ ni ó wà lórí ìtàgé, onílẹ̀ ni ó sì wà ní ìsàlẹ̀ tí ó ń wò ó. Irinṣẹ́ kan náà ni, ọwọ́ tí ó dì í mú ni kò jọra.

Irinṣẹ́ náà lè ṣe ẹni tí ó mú un lọ́wọ́ léṣe. Ní 1964 ni Ògúndé gbé Yorùbá Ronú jáde, lórí ọba kan tí igbákejì rẹ̀ dalẹ̀ rẹ̀ fún ọba ìlú mìíràn, tí wọ́n sì sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n. Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá ni gbogbo òǹwòran rí níbẹ̀. Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn fi òfin de Ògúndé àti ẹgbẹ́ rẹ̀, ìjọba ológun ni ó sì tú òfin náà ká ní 1966. Àwọn ènìyàn ti yin ìgboyà Ògúndé nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì tọ́ sí i. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a tún wo orúkọ eré náà. Strike and Hunger ń pe ẹni tí ebi ń pa, ẹ̀yà yòówù kí ó jẹ́. Yorùbá Ronú ń pe ẹ̀yà kan. Nínú eré tí kò mọ̀ ju rere àti búburú lọ, bí ẹ̀yà kan bá ti wà ní ìhà rere, aládùúgbò rẹ̀ kò ní ibòmíràn tí yóò dúró sí.

Ọdún 1964 kan náà ni reluwé wọ Maiduguri. Ẹ ro ti Yorùbá tí ó bá reluwé náà dé, tí ó ń gbé láàárín Kànúrí àti Hausa, tí ó ń ra ẹja gbígbẹ tí ó ti Baga wá láti kó o lọ sí ìsàlẹ̀. Ọba àjèjì inú Strike and Hunger jẹ́ ọ̀tá òun àti oníbàárà rẹ̀ pọ̀. Ní ti ọba ìlú mìíràn inú Yorùbá Ronú, ó ṣeé ṣe kí oníbàárà náà rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Àbùkù tí àwọn lámèyítọ́ ń wá ní orí ìwé, ibí gan-an ni ó wà. Kì í ṣe pé eré náà fẹ́lẹ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tí a yàn fún ibi nínú rẹ̀ ti yí padà, agbára tí ó fi ń mú òǹwòran kò sì dín kù.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2013, nígbà tí ìjọba kéde òfin pàjáwìrì ní Borno, tí kónílé-ó-gbélé sì wà, kò sí ẹni tí ó lè kó èrò jọ ní alẹ́ ní Maiduguri láti wo ohunkóhun. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti gbé irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò ní ṣòro fún láti mọ ohun tí ọ̀gá ọlọ́pàá ń rò ní Jos ní 1946. Olùkọ́ tí yóò bá kọ́ ọ kò gbọdọ̀ fún un ní ìwé nìkan. Fíìmù Aiyé ti 1979 ṣì wà, ó sì wà lórí fóònù ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ògúndé fúnra rẹ̀ ni ó ṣe Ọ̀ṣẹ́túrá nínú rẹ̀. Kí olùkọ́ pa ohùn fóònù náà, kí ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ Kànúrí àti Yorùbá inú kíláàsì jọ wò ó títí dé ibi tí baba náà ti dojú kọ àwọn àjẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí ó wá bèèrè lọ́wọ́ wọn ohun tí wọ́n rí.