Agídí Docker Tí Mo Fẹ́ràn

Iṣẹ́ kékeré kan wà nídìí Docker tí mo gbádùn púpọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń bí ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ nínú: kí a yí pọ́ọ̀tù kọ̀ǹténà tó ti wà nílẹ̀ padà. Ọjọ́ tí a bá dá kọ̀ǹténà ni a ń yan pọ́ọ̀tù fún un. Bí mo bá kọ `-p 8080:80` mọ́ `docker run`, 8080 ni ará ìta yóò gbà wọlé lára sáfà, 80 sì ni ètò tó wà nínú kọ̀ǹténà ń tẹ́tí sí. Ó parí nìyẹn. `docker update` lè fi kún mẹ́mórì tàbí kó dín in kù, ṣùgbọ́n kì í fọwọ́ kan pọ́ọ̀tù.

Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ wà o. Àwọn kan á dá Docker dúró, wọ́n á wọ `/var/lib/docker/containers`, wọ́n á tún `PortBindings` kọ nínú `hostconfig.json`, kí wọ́n tó tún Docker tàn. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ gbogbo kọ̀ǹténà orí sáfà ló sábà máa ń kú nítorí ọ̀kan ṣoṣo. Àwọn mìíràn á fi `docker commit` sọ kọ̀ǹténà di image tuntun, kí wọ́n lè fi pọ́ọ̀tù mìíràn dá kọ̀ǹténà tuntun láti inú rẹ̀. Kí wọ́n rántí pé commit kì í kó dátà inú volume, ibi ìpamọ́ tó wà lọ́tọ̀ sí kọ̀ǹténà, dání.

Ní tèmi, mo ń da ti àtijọ́ nù ni. Ẹ wo PostgreSQL tí dátà rẹ̀ wà nínú volume tó lórúkọ. Mo ṣí `compose.yaml`, mo sọ `5432:5432` di `127.0.0.1:5433:5432`, mo ní `docker compose up -d`. Compose rí i pé ìlà kan ti yàtọ̀, ó pa ti àná, ó dá tuntun, ó so ó mọ́ volume kan náà. Kò sí tébù tó sọnù. 127.0.0.1 tó ṣíwájú yẹn ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ará ìta. Láìsí i, Docker á ṣí pọ́ọ̀tù náà sílẹ̀ gbayawu, kódà bí ufw, ògiri ààbò orí sáfà, bá ní kó má ṣí.

Àwọn àgbà a máa ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Nídìí iṣẹ́ tiwa, agbè là ń fọ́, omi kì í dànù. Agídí Docker ló fi ipá kọ́ mi láti mọ èyí tó yẹ ní pípamọ́ yàtọ̀ sí èyí tó yẹ ní jíjù nù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, ẹ kọ pọ́ọ̀tù yín sínú fáìlì, kẹ́ ẹ sì kó dátà sí volume láti ọjọ́ kìíní. Bẹ́ ẹ bá ti ṣe méjèèjì, ẹ má bẹ̀rù àtipa kọ̀ǹténà.