Àwọn Tó Ń Ka Ìdìpọ̀ Ẹ̀jẹ̀

Ọ̀nà kan tí ibà líle fi ń pa ọmọdé, ní Ọ̀wọ̀ àti káàkiri ilẹ̀ wa, burú: sẹ́ẹ̀lì pupa tí kòkòrò ti wọ̀ a máa fa àwọn tí ara wọn dá mọ́ra, wọn a sì dí iṣan tín-ín-rín. Ní 1990, àwọn onímọ̀ tó yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ Gáńbíà wò rí i pé ìdìpọ̀ yìí pọ̀ lára àwọn tí ibà wọ ọpọlọ wọn. Heparin, ẹ̀wọ̀n ṣúgà tí sulphate so mọ́, lè tú u ká, àmọ́ ó lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa dà láìdúró. Ìyẹn ló bí oògùn sevuparin, tí agbára láti mú ẹ̀jẹ̀ dà bẹ́ẹ̀ ti dínkù gan-an lára rẹ̀.

Iṣẹ́ àwọn tó ń dán irú oògùn yìí wò ni mo ń kí. Ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà ni pé ní 1976, onímọ̀ méjì, Trager àti Jensen, rí ọ̀nà tí wọ́n lè fi sin kòkòrò ibà nínú àwo: wọ́n gbé àwo náà sínú ìgò pẹ̀lú àbẹ́là tí wọ́n tàn, wọ́n dé e, iná náà sì kú fúnra rẹ̀ nígbà tí oxygen dínkù. Ẹ wo ọgbọ́n! Lónìí, wọ́n á po oògùn mọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ìwọ̀n-ìwọ̀n, wọ́n á fi àwo ẹ̀jẹ̀ kan sílẹ̀ láìfi oògùn sí i, ẹnìkan á sì tẹjú mọ́ maikirosíkóòpù, á máa kà á lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí tí kòkòrò wà nínú rẹ̀ yìí, ṣé sẹ́ẹ̀lì méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló rọ̀ mọ́ ọn? Ojú á ro, ọrùn á ro, kò sì gbọdọ̀ fo ọ̀kan.

Irú kíkà bẹ́ẹ̀ ló gbé sevuparin dé ara àwọn aláìsàn ní Thailand, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017.