Ojú Tí Ń Ṣọ́ Lẹ́tà

Ẹni tó bá ń gba Linux láti orí íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń rí ìlà gígùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì náà: àmì 64, àdàlù nọ́ńbà 0 sí 9 àti lẹ́tà a sí f. Hash fáìlì náà nìyẹn, sha256sum sì ni irinṣẹ́ tó ń ṣírò rẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà. Kò ní bọ́tìnì, kò ní àwòrán. Àṣẹ ni èèyàn ń tẹ̀ fún un. Bí ẹnikẹ́ni bá yí lẹ́tà kan ṣoṣo padà nínú fáìlì, hash tuntun kò ní bá ti àtijọ́ tan rárá.

Síbẹ̀, bí ẹnì kan bá kọ “recieve” síbi tó yẹ kí “receive” wà, sha256sum kò lè sọ èwo ló tọ̀nà. Ó kàn mọ̀ pé méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Ojú èèyàn ló ń dájọ́. Iṣẹ́ tí akọ̀wé àròkọ yìí fẹ́ràn jù nìyẹn: kí ó máa ka ìwé atọ́nà irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ó sì máa tún àṣìkọ inú rẹ̀ ṣe.

Àṣìkọ kò wúwo bákan náà. Ẹni tó ka “seperate” yóò mọ ohun tí wọ́n ń sọ, yóò sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo --check, tí a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá fáìlì ṣì bá hash rẹ̀ mu. Bí ó bá gba inú Word kọjá, dáàṣì méjì iwájú rẹ̀ lè so pọ̀ di ẹyọ kan tó gùn: –check. Ojú lè má rí i. Ẹni tó bá dà á kọ báyìí, sha256sum yóò rò pé orúkọ fáìlì ni, yóò sì fèsì pé kò sí fáìlì tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Olùkàwé á wá máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi.

Akọ̀wé yìí kì í gba àpẹẹrẹ kankan gbọ́ àfi bó bá tẹ̀ ẹ́ wò. Àṣẹ echo máa ń fi àmì òpin ìlà kún ohun tí a bá fún un. Printf kì í fi kún un àfi tí a bá ní kó fi sí i. Ọ̀rọ̀ kan náà á wá ní hash méjì. Bí hash inú àpẹẹrẹ bá sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú e3b0c442, ó ti mọ̀ lójú ẹsẹ̀: hash fáìlì òfìfo ni, wọn ò fún irinṣẹ́ náà ní nǹkan kan kà.

Ohun tí a kì í fọwọ́ kàn tún wà. Nínú èsì sha256sum, àlàfo kan wà lẹ́yìn hash, lẹ́yìn náà ni àlàfo mìíràn tàbí àmì ìràwọ̀, kí orúkọ fáìlì tó dé. Àmì kejì yẹn ń sọ ọ̀nà tí a gbà ka fáìlì. Ẹni tó bá yọ ọ́ torí pé àlàfo pọ̀ jù ti ba nǹkan jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni “Referer” inú ìlànà HTTP ọdún 1996: r kan ló wà láàárín rẹ̀ níbi tí méjì yẹ kó wà, ṣùgbọ́n orúkọ tí àwọn kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n mọ́ nìyẹn.

Ibi tí a ti ń ṣe àtúnṣe náà gba òye. Ọwọ́ kọ́ ni wọ́n fi ń kọ ojú ìwé man, ìyẹn ìwé atọ́nà, ti GNU coreutils, àkójọ irinṣẹ́ tí sha256sum ti wá. Ètò help2man ló ń pe irinṣẹ́ náà pẹ̀lú --help, tó ń to èsì rẹ̀ di ojú ìwé. Ẹni tó bá tún ojú ìwé yẹn ṣe ṣiṣẹ́ lásán. Inú kóòdù C ni àṣìkọ ń gbé. md5sum, sha1sum àti b2sum sì ń bá sha256sum pín kóòdù kan náà, nítorí náà lẹ́tà kan tí a tún ṣe níbẹ̀ lè tún ìwé gbogbo wọn ṣe lẹ́ẹ̀kan. Adùn iṣẹ́ náà nìyẹn. Àmọ́ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì inú kóòdù yẹn gan-an ni ètò gettext fi ń wá ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè mìíràn. Bí lẹ́tà kan bá yí padà, Gẹ̀ẹ́sì ni ará Faransé lè máa rí títí atúmọ̀ yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Fún ẹni tó ń kọ Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà tún jinlẹ̀ sí i. Unicode kò ní àmì ẹyọ kan fún ọ́. Èèyàn lè tẹ ọ pẹ̀lú àmì òkè, tàbí o pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ àti àmì òkè, tàbí ó pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀. Ní UTF-8, ọ̀nà méjì àkọ́kọ́ ń gba báìtì 5, ìkẹta ń gba 4. Lójú, wọn ò yàtọ̀. Hash wọn ò jọra. Ìwé tó bá fi “ọjọ́” ṣe àpẹẹrẹ láìsọ èwo ni ó lò yóò da olùkàwé rú, bí sípẹ́lì rẹ̀ tilẹ̀ pé.

Inú Git, ètò tó ń tọ́jú àyípadà kóòdù, ni àtúnṣe ń wọ̀, Git sì sábà máa ń sọ ọ́ lórúkọ pẹ̀lú hash SHA-1 oní-àmì 40. Àlàyé tó yẹ kó bá a rìn kò gùn: ibi tí àṣìkọ wà, ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ohun tó rọ́pò rẹ̀. Alábòójútó tó rí i bẹ́ẹ̀ lè kà á tán, kí ó sì gbà á wọlé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Èyí tó bá di àtúnṣe sípẹ́lì àti àyípadà kóòdù pọ̀ ni wọ́n sábà máa ń dá padà pé kí oníṣẹ́ lọ tú u sí méjì.