Àmì Ohùn Yorùbá Nínú Kọ̀ǹpútà: Àyẹ̀wò Lámèyítọ́ Lórí Ìlànà Unicode

Ìfáàrà

Bí òǹkàwé bá bá gbólóhùn yìí pàdé láìsí àmì kankan lórí rẹ̀: 'Olu ra oko tuntun', kò sí bí ó ṣe lè mọ̀ bóyá oko, ọkọ́, ọkọ̀ tàbí ọ̀kọ̀ ni Olú rà. Àmì ni ó máa ń la irú ìjà bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyí tí àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 1974 kò fi fojú kéré àmì sísí. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá tí wọ́n ń tẹ̀ lórí ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá ni kò ní àmì lára. Iṣẹ́ yìí yẹ ìlànà Unicode wò láti fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kọjá ti ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ni.

Oore tí Unicode ṣe

Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà. Nọ́ńbà ni ó mọ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1991 ni wọ́n fi òfin gbé àjọ Unicode Consortium kalẹ̀ ní ìpínlẹ̀ California, ní Amẹ́ríkà, kí lẹ́tà àwọn èdè ayé lè ní nọ́ńbà tí gbogbo ẹ̀rọ yóò dá mọ̀. Kí ìlànà yìí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, fọ́ǹtì àkànṣe ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tẹ ìwé Yorùbá ń lò. Bí wọ́n bá gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dé orí ẹ̀rọ tí kò ní fọ́ǹtì náà, jágbajàgba ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ máa ń dà. Unicode wá ojútùú sí èyí. Ó yẹ kí lámèyítọ́ kọ́kọ́ jẹ́wọ́ oore yìí kí ó tó sọ àléébù.

Àléébù ìlànà náà

Lẹ́tà á àti è ní nọ́ńbà ẹyọ kan, nítorí pé àwọn èdè Yúróòpù bíi Potogí àti Faransé ń lò wọ́n. Lẹ́tà ẹ àti ọ náà ní tiwọn, ṣùgbọ́n nínú ọ̀wọ́ lẹ́tà tí wọ́n tò fún èdè Vietnam ni wọ́n wà. Ohùn ni àmì abẹ́ lẹ́tà dúró fún nínú èdè Vietnam. Nínú èdè Yorùbá, fáwẹ̀lì mìíràn ni ó ń tọ́ka sí. Kódà, ệ àti ộ ti Vietnam, tí wọ́n ru àmì méjì, ní nọ́ńbà ẹyọ kan. Ẹ́ àti ọ̀ ti Yorùbá kò ní. Ńṣe ni wọ́n ń to àmì ohùn lé lẹ́tà lórí.

Ìdí rẹ̀ kò farasin. Ọdún 1993 ni àwọn lẹ́tà Vietnam wọlé. Nígbà tó di ọdún 2001, àjọ náà ti ètò ìtòpọ̀ lẹ́tà pa, kí ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ má baà dàrú. Ìdí yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí pé ìlànà tó ń yí lójoojúmọ́ kì í ṣe ìlànà. Ṣùgbọ́n èjìká ẹni tó pẹ́ dé ni ìnira rẹ̀ bọ́ sí. Ẹnikẹ́ni ló lè mú àbá wá, àmọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ń san owó, tí Apple, Google àti Microsoft wà lára wọn, ni wọ́n ń dìbò. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí.

Ibo ni ẹ̀bi wà?

Àwọn kan gbà pé àfi kí Yorùbá gba nọ́ńbà ẹyọ kan fún ẹ́ àti ọ̀. Èrò yìí kò kúnjú òṣùwọ̀n. Ẹnì kan lè tẹ ẹ kí ó tó fi àmì òkè sí i. Ẹlòmíràn lè tẹ é kí ó tó fi àmì sí abẹ́ rẹ̀. Unicode fúnra rẹ̀ ka méjèèjì sí ọ̀kan. Àwọn tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà ni kì í tẹ̀lé e nígbà gbogbo, tí ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ kò fi ní rí i. Ọ̀dọ̀ wọn ni ó yẹ kí ẹ̀hónú lọ: kí fọ́ǹtì gbé àmì sí ipò rẹ̀, kí ètò ìwákiri sì mọ̀ pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ìgúnlẹ̀

Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Àtẹ bọ́tìnnì Yorùbá ti wà lórí Windows àti lórí fóònù alágbèéká. Láti ọdún 2013 ni Google Translate ti ń túmọ̀ èdè Yorùbá, ohun tí àwọn ènìyàn bá sì kọ ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fi ń kẹ́kọ̀ọ́. Bí wọ́n bá ń kọ ọ́ láìsí àmì, àbá ni ẹ̀rọ náà yóò máa dá. Ìdánwò Yorùbá tí olùkọ́ tẹ̀ láìsí àmì ohùn ń béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò ṣe. Àjọ tó wà ní California kọ́ ni yóò dáhùn fún ìyẹn.