Òfin Ìsìláàmù, Ọrọ̀ Ajé àti Ìṣèlú: Àgbéyẹ̀wò Èrò Timur Kuran

Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn lórí ìdí tí àwọn ilẹ̀ Mùsùlùmí ní Àárín Gbùngbùn Ìlà Oòrùn fi rẹ̀yìn sí ilẹ̀ Yúróòpù nínú ọrọ̀ ajé. Nínú The Long Divergence (2011), Timur Kuran kò di ẹ̀bi náà ru ìgbàgbọ́. Òfin ni ó tọ́ka sí. Agbára iṣẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó ṣàlàyé pé bí ọ̀kan nínú àwọn tó jùmọ̀ ń ṣòwò bá kú, àjọṣe wọn tú nìyẹn. Àwọn ajogún tí Súrà kẹrin Àlùkùránì fún ní ìpín yóò sì pín ohun tó fi sílẹ̀.

Ogún pínpín nìkan kò tó ẹ̀rí ṣá. Àwọn Yorùbá náà ń pín ogún ní ìdí-igi tàbí orí-ò-jorí, síbẹ̀ ilé ẹbí a máa wà láìpín. Ìsìláàmù pàápàá ní wákàfù, ìyẹn dúkìá tí a yà sọ́tọ̀ títí láé fún iṣẹ́ àánú. Kuran ní ìlànà ẹni tó dá wákàfù sílẹ̀ ti dè é mọ́lẹ̀, kò ṣeé yí padà. Ibí yìí ni àríwísí ti wọlé. Ní ilẹ̀ Ottoman ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, àwọn ènìyàn ń fi owó ṣe wákàfù, wọ́n sì ń yá a fúnni pẹ̀lú èlé. Birgivi Mehmed bẹnu àtẹ́ lù ú. Ebussuud Efendi, olórí àwọn onímọ̀ òfin, fọwọ́ sí i. Òfin rọ̀ nígbà tí àwọn aláṣẹ fẹ́ kó rọ̀. Kuran mọ̀ nípa èyí, ṣùgbọ́n kò fún un ní ìwúwo tó yẹ.

Ọ̀rọ̀ agbára yìí hàn kedere ní Íjíbítì. Muhammad Ali dá ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ sílẹ̀ lábẹ́ ìjọba. Àdéhùn tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá Ottoman ṣe ní 1838 fòfin de kí ìjọba nìkan máa dá òwò kan ṣe. Ní 1841, wọ́n dín ọmọ ogun rẹ̀, tó jẹ́ oníbàárà pàtàkì, kù sí 18,000. Ìṣàkóso àwọn ilé-iṣẹ́ náà kò gún régé lóòótọ́, ṣùgbọ́n òfin ogún kọ́ ló tì wọ́n pa.

Nínú Freedoms Delayed (2023), Kuran na èrò yìí dé ìṣèlú: àwọn tó ń jẹ àǹfààní wákàfù kò ní ohùn nínú ìṣàkóso rẹ̀, nítorí náà wọn kò kọ́ bí a ṣe ń kóra jọ láti ká aláṣẹ lọ́wọ́ kò. Èyí múni lọ́kàn ju ti ìṣáájú lọ. Àárín Gbùngbùn Ìlà Oòrùn nìkan ni ó sì sọ̀rọ̀ lé. Òǹkàwé tó bá fẹ́ fi dá gbogbo Mùsùlùmí lẹ́jọ́ yóò kọsẹ̀ ní Indonéṣíà, níbi tí Muhammadiyah (1912) àti Nahdlatul Ulama (1926) ti kó ọmọ ẹgbẹ́ jọ, tí wọ́n kọ́ ilé-ìwé, tí wọ́n sì wà lójú ọpọ́n nígbà tí àwọn ará ìlú dìbò ní 1999, lẹ́yìn tí Suharto gbéjọba sílẹ̀ ní 1998.