Gígun Òkè Bàbá Abíyè Nínú Òjò

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí mo fi ń kan sáárá sí àwọn tó ń gun òkè àdúrà, kó wá sí Ẹdẹ lópin ọ̀sẹ̀ tí òjò bá ń rọ̀. Lọ́nà Orí Òkè Bàbá Abíyè, tí wọ́n fi ìnagijẹ Wòlíì Samson Àkàndé ti ìjọ Christ Apostolic Church (CAC) pè, àwọn ìyá àgbà á bọ́ bàtà sọ́wọ́, wọn á fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ wá ibi tí kò yọ̀ kí wọ́n tó gbára lé e. Ẹní wà lórí, Bíbélì wà nínú ọ̀rá. Ààwẹ̀ ni wọ́n sì ń gbà o! Ọ̀dọ́ tó ń gun òkè Ìdànrè fún fàájì náà gbìyànjú, ṣùgbọ́n àwọn ìyá wọ̀nyí ni mo ń ṣí fìlà fún.